Alákèré àti Ẹlẹ́yẹ

Bí ẹ bá fún Wàsílátù lẹ́bùn, ìdí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yí wò. Bí ó bá ra iyọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ti jọ ń ná ọjà láti ìgbà tí ó ti dé Ìsọlọ̀, yóò tọ́ ọ wò kí ó tó gbé ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ní ilé Bàbá Abórìṣàdé, níbi tí ó ti gba yàrá kan, wọ́n máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ilẹ̀ bá mọ́, Ìyá Mùktárù á yọjú sójú ọ̀run wò bóyá òótọ́ ni. Ẹ má dá a lẹ́bi o. Ọkọ tí ó fẹ́ ní Ẹdẹ ni ó kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ọkùnrin yẹn gbé ẹ̀rọ ìránṣọ Wàsílátù jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun ń lọ tún un ṣe. Ẹ̀rọ kò padà, ọkọ kò padà. Nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́ láti máa wo ojú ọ̀nà, ó fi Mùktárù ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó wọkọ̀ wá sí Èkó bí gbogbo ayé ṣe ń wá sí Èkó nígbà náà.

Wọ́n ní epo rọ̀bì ti sọ ìlú di ọlọ́rọ̀. Owó Udójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́, ti jáde, àwọn akọ̀wé sì ti ra ẹ̀rọ orin tí ó tóbi ju bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń sùn lé lọ. Wàsílátù kò fojú kan epo rọ̀bì rí. Ohun tí òun rí ní Ìsọlọ̀ ni àkèré.

Àbàtà kan wà lẹ́yìn Òkè-Àfà nígbà náà, omi rẹ̀ dúdú, koríko rẹ̀ ga dé àyà. Bí òjò bá ti rọ̀ lálẹ́, ariwo àkèré ibẹ̀ á gba gbogbo agbègbè kan. Wàsílátù á lọ dẹ ìgèrè rẹ̀ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, á sì lọ yọ ọ́ ní ìdájí. Á fọ̀ wọ́n, á fi iyọ̀ pa wọ́n lára, á fi igi tín-ínrín gún wọn lọ́wọ̀ọ̀wọ́, á sì yan wọ́n lórí ààrò títí wọn yóò fi gbẹ dáadáa. Àwọn ẹlẹ́mu Ìsọlọ̀ àti Àìlégún ni oníbàárà rẹ̀. Àlùfáà àdúgbò sọ fún un nígbà kan pé òwò náà kò tẹ́ òun lọ́rùn. Wàsílátù ní kí wọ́n wá òmíràn fún òun, àlùfáà sì yí ọ̀rọ̀ padà sí ọ̀rọ̀ òjò.

Nígbà kan, ó fẹ́ fi ọgbọ́n dín ìrìn àárọ̀ kù. Ó kó àwọn àkèré tí kò tíì tóbi sínú garawa, ó dà wọ́n sínú kòtò omi kan lẹ́yìnkùlé, ó sì ń fi ikán bọ́ wọn. Kò pẹ́ rárá tí kòtò ṣófo. Ó fẹ̀sùn olè kan gbogbo ilé, àti ẹni tó ń jẹ àkèré àti ẹni tó ń bẹ̀rù rẹ̀. Ìgbà tí ó yá ni ó bá ọ̀kan lára àwọn àkèré náà nínú ìgèrè ní àbàtà, ọ̀kan tí ojú rẹ̀ kan ti fọ́, tí òun fúnra rẹ̀ sì ti gbé kúrò níbẹ̀. Àkèré náà ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà sí omi tí wọ́n bí i sí. Ṣé ó wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ará ilé? Rárá o. Ó ní bí wọn kò bá tilẹ̀ jí àkèré, wọ́n lè jí nǹkan mìíràn.

Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni Gàfárù Ẹlẹ́yẹ wá bá nínú ilé náà nígbà tí òjò ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀.

Òkèhò ni Gàfárù ti wá. Ó ga, ó rọra ń sọ̀rọ̀, ó sì kó àgò ọparun wọlé ju aṣọ lọ. Ẹyẹ ìbákà ni ó ń mú, ẹyẹ kékeré yẹn tí àyà rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú bí ìyeyè, tí ohùn rẹ̀ sì máa ń mú kí ènìyàn dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Á se oje igi pọ̀ mọ́ epo títí yóò fi di àtè, á fi í pa ẹ̀ka igi lára, á sì gbé ìbákà àgbà kan tí ó ń jẹ́ Àkànbí kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ nínú àgò rẹ̀. Àkànbí á kọrin. Àwọn ìbákà inú igbó á wá wo ẹni tí ó ń kọrin ní ilẹ̀ wọn, ẹsẹ̀ wọn á sì lẹ̀ mọ́ àtè. Máfòlúkù ni Gàfárù ti ń tà wọ́n, fún àwọn òṣìṣẹ́ èrópọ́ọ̀tù àti àwọn kọngílá agbaṣẹ́ṣe tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé alájà, tí wọ́n fẹ́ kí nǹkan máa kọrin ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn.

Nǹkan méjì ni Wàsílátù kò fẹ́ràn nípa rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti dé. Èkíní, kì í ti ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ tí onílé fún un, ó fi kọ́ ìṣó lára ògiri, ibẹ̀ ló sì wà. Gbogbo ilé ní onínúure ènìyàn ni. Wàsílátù ní ẹni tí ó bá ń ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ tó báyìí, ó ní ohun tí kò fẹ́ kí wọ́n ronú pé òun ń fi pamọ́. Èkejì, láràárọ̀ ni ó máa ń gbé ẹnu sún mọ́ ẹnu Àkànbí, tí ètè rẹ̀ á máa jì. Wàsílátù ti rí i láti ojú fèrèsé. Ọkùnrin tó ń fi oríkì pe ẹyẹ, tó tún ń sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ sí i lẹ́nu, kí ni à ń pe irú wọn?

Ọjọ́ Sọ́ńdè kan ni ọ̀rọ̀ ẹyẹ àti àkèré di àríyànjiyàn nínú àgbàlá. Adéjùmọ̀kẹ́, tíṣà tí ó wá láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì tí yàrá rẹ̀ kọjú sí ti Gàfárù, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó jókòó lórí àpótí, ó ń ka ìwé ìròyìn fún gbogbo ilé bí ẹni pé kíláàsì ni wọ́n.

"Wọ́n ní àwọn ẹranko kan ń tán lọ láyé," ó wí. "Ó dáa, ẹ dá mi lóhùn. Ní Ìsọlọ̀ wa níbí, èwo ló máa kọ́kọ́ tán, ìbákà Bọ̀dá Gàfárù ni àbí àkèré Ìyá Mùktárù?"

"Ìbákà ni," ni Wàsílátù dáhùn láìgbé ojú sókè níbi tí ó ti ń gún igi bọ àkèré lẹ́nu. "Ohùn rẹ̀ dùn, ìyẹn ló kó bá a. Ta ló ń fẹ́ gbé àkèré kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀?"

"Ẹ ò rí bí típà ṣe ń da yẹ̀pẹ̀ sí àbàtà ni?" ni Adéjùmọ̀kẹ́ wí. "Títì ńlá ló ń bọ̀ níbẹ̀. Ẹyẹ ní ìyẹ́, ó lè fò lọ. Àkèré ńkọ́?"

Gàfárù rẹ́rìn-ín. "Àwọn méjèèjì ni wọ́n wà nínú wàhálà, Tíṣà. Koríko tí ìbákà ń jẹ èso rẹ̀, katapílà ti hú u. Mo lè dúró láti àárọ̀ títí di ọ̀sán báyìí kí n má rí ju ọ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n ìbákà, ibi tí ẹ bá gbé e lọ ni yóò ti kọrin. Láti Òkèhò ni mo ti gbé Àkànbí wá. Bí ẹ bá rí omi mìíràn fún àkèré, òun náà á jókòó síbẹ̀."

Wàsílátù gbójú sókè wò ó, ó pòṣé, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kí ni tirẹ̀ láti máa kọ́ ẹlẹ́yẹ ní ìwà àkèré? Bí ó bá fẹ́ mọ̀, kí ó béèrè. Òun náà kò sì béèrè ohun tí Gàfárù ń ṣe lẹ́nu ẹyẹ.

Àtìgbà náà ni Gàfárù bẹ̀rẹ̀ sí ra àkèré yíyan lọ́wọ́ rẹ̀. Wàsílátù ṣọ́ ọ títí, kò rí i kí ó jẹ ẹyọ kan. Kò pẹ́ ni Adéjùmọ̀kẹ́ sọ fún un pé òun ni Gàfárù ń kó wọn fún, pé òun ti jẹ àkèré títí ó ti sú òun. Ẹni tó ń ra ohun tí kò ní í jẹ, kí ló ń rà?

Ó rí ìdáhùn nígbà tí Bàbá Abórìṣàdé pè é sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

"Ẹlẹ́yẹ ní kí n bá òun bá ọ sọ̀rọ̀," ni bàbá náà wí.

"Ọ̀rọ̀ kí ni, Bàbá?"

"Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin ń bá obìnrin sọ ni. Kì í ṣe ti ẹyẹ." Bàbá Abórìṣàdé rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kò ní aya, ìwọ náà ò lọ́kọ. Ó ní kí Ìtúnu tó dé, kí o fún òun lésì."

"Bàbá, ta ló mọ̀ ọ́n?"

"Èmi mọ̀ ọ́n bí ẹni tí ń gbé ilé mi. Ohun tó kù, ìwọ lo máa wádìí rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Bí ó bá jẹ́ Ẹdẹ ni, àwọn bàbá rẹ̀ ni ì bá ṣe ìwádìí náà. Wọn ì bá rán ẹni tí ojú rẹ̀ gbó lọ sí Òkèhò, kí ó lọ béèrè lábẹ́lẹ̀ bóyá wèrè wà nínú ẹbí wọn, bóyá wọ́n ń jalè, bóyá wọ́n ń lu ìyàwó. Wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún un nígbà ti àkọ́kọ́. Ìròyìn rere ni wọ́n mú bọ̀: ẹbí gidi ni, bàbá àgbà wọn ti lọ sí Mẹ́kà. Gbogbo ẹbí ni wọ́n wádìí, wọn kò wádìí ọwọ́ ẹni tó máa gbé ẹ̀rọ ìránṣọ. Lọ́tẹ̀ yìí, Wàsílátù pinnu pé òun kò ní rán ẹnikẹ́ni. Ojú òun ni yóò ṣe é, ẹsẹ̀ òun ni yóò rìn ín.

Ká má parọ́, ó wù ú kí ìwádìí náà dára. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá a dúró de òjò lábẹ́ òrùlé kan náà. Bí Gàfárù bá sì kí i láàárọ̀, ó máa ń ṣe é bí i pé kí ó dúró díẹ̀ sí i. Ìyẹn gan-an ni ó tún jẹ́ kí ara túbọ̀ fu ú, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ṣe é lọ́jọ́ kìíní ní Ẹdẹ.

Ìgèrè rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbòfo. Kì í ṣe apá ọ̀hún níbi tí típà ti ń da yẹ̀pẹ̀ pupa, apá tirẹ̀ níhìn-ín ni, níbi tí yẹ̀pẹ̀ kò tíì dé. Ariwo tí ó máa ń gba agbègbè kan tẹ́lẹ̀ di ti àwọn mélòó kan tí ń dá ara wọn lóhùn. Ẹlẹ́mu Àìlégún sọ fún un pé òun kò ní gba àkèré mọ́, kò sì sọ ìdí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí ẹsẹ̀ Gàfárù bí ó ti ń fọ̀ ọ́ lẹ́bàá kànga. Ẹrẹ̀ dúdú ni. Wàsílátù mọ ẹrẹ̀ yẹn bí ó ṣe mọ ọwọ́ ara rẹ̀.

"Bọ̀dá Gàfárù, ṣé inú omi ni ìbákà ń gbé báyìí?" ó bi í.

Gàfárù wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Ọ̀nà ló burú, Ìyá Mùktárù," ó sì yára wọlé.

Irọ́! Ó ya Wàsílátù lẹ́nu bí irọ́ náà ṣe dùn ún tó. Nígbà tí ó sọ fún Adéjùmọ̀kẹ́, ìyẹn ju ọwọ́ sókè.

"Ẹ̀ẹ́ẹ̀! Mo ti rí i tó ń gbé garawa jáde ní ìdájí, ó fi aṣọ bò ó. Mo ní kí n má dá sí i ni. Ẹ ṣọ́ra o, Ìyá Mùktárù. Ọkùnrin lè máa fẹ́ obìnrin, kó sì jẹ́ pé òwò rẹ̀ ló ń fẹ́."

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, Wàsílátù jẹ sààrì tán, kò padà sùn. Ó gbọ́ ìró garawa. Ó jẹ́ kí ọkùnrin náà jìnnà díẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e. Ojúmọ́ ti ń là nígbà tí wọ́n dé àbàtà. Ó sápamọ́ sẹ́yìn koríko, ó sì rí Gàfárù tí ó ká ṣòkòtò sókè, tí ó wọ inú omi lọ tààrà sí ibi tí ìgèrè òun wà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́, ó mú àkèré, ó sọ ọ́ sínú garawa. Ó tún mú òmíràn. Kò mọ̀ ọ́n mú, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ó ń mú un. Ó fi aṣọ tútù bo ẹnu garawa, ó gbé e lé orí, ó sì mú ọ̀nà Àìlégún pọ̀n.

Àìlégún! Ọ̀dọ̀ ẹlẹ́mu tí kò gba àkèré òun mọ́ yẹn náà ni. Wàsílátù kò tẹ̀ lé e mọ́, kí ni ó tún kù tí ó fẹ́ rí? Kò rántí ọ̀nà tí ó gbà dé ilé. Ìwádìí ti parí. Ó yẹ kí ó dùn mọ́ ọn pé òun tètè mọ̀, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ ọn rárá.

Ilẹ̀kùn Gàfárù ṣí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Àgò Àkànbí wà lójú fèrèsé, òwú pupa ni wọ́n fi so ẹnu rẹ̀. Wàsílátù tú òwú náà. Ó rò pé ẹyẹ náà á já jáde lọ́gán, bí àkèré ṣe máa ń fò bí ènìyàn bá ti ṣí ìgèrè. Àkànbí kò jáde. Ó súnmọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó gbójú sókè, ó sì la ẹnu gbàgà sí i. Lójú Wàsílátù, ẹyẹ náà fi òun ṣe ẹlẹ́yà bí olówó rẹ̀ ṣe ń ṣe. Ó gbé àgò náà jáde sí àgbàlá, ó gbọ̀n ọ́n títí ẹyẹ fi já bọ́, tí ó sì ta gẹ́gẹ́ fò lọ sórí igi gúáfà. Ibẹ̀ ni ó wà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kọrin. Wàsílátù gbé àgò padà, ó so òwú pupa náà mọ́ etí ìró rẹ̀, ó sì lọ gbálẹ̀ iwájú yàrá rẹ̀.

Ó ti to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Bí Gàfárù bá dé, tí ó pariwo pé ta ló ṣí ilé ẹyẹ òun, òun yóò ní, "Ẹni tí ẹ jí àkèré rẹ̀ ni." Gbogbo ilé á gbọ́.

Gàfárù dé, kò pariwo. Ó rí àgò òfìfo, ó jáde síta, ó gbọ́ orin lórí igi, ó sì dúró sábẹ́ gúáfà bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ òkú fún. "Àkànbí," ó ń pè, "Àkànbí, máa bọ̀." Ó rún ẹ̀pà lẹ́nu láìgbé e mì nítorí ààwẹ̀, ó tu ú sí ọwọ́, ó sì na ọwọ́ náà sókè. Ẹyẹ ń wò ó. Ó la ẹnu láti òkè, kò mọ bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá. Gàfárù gbìyànjú láti gun igi, ẹ̀ka kán, ẹyẹ sì fò sókè sí i. Lọ́sàn-án, òjò dé, orin dákẹ́.

"Tíṣà," ni Gàfárù wí nígbà tí Adéjùmọ̀kẹ́ ti ilé ìwé dé, "ẹ̀yin lẹ sọ níjelòó pé ẹyẹ mi ń pariwo fún yín bí ẹ bá ń mákì ìwé."

"Èmi kẹ̀! Mo wà ní ilé ìwé láti àárọ̀! Bọ̀dá Gàfárù, ẹ fi orúkọ mi sílẹ̀ o, mi ò fẹ́ jọ́ọ̀kì!"

Wàsílátù gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn, òwú pupa wà ní etí ìró rẹ̀. Ó ń retí kí ọkùnrin náà kọjú sí òun.

Lẹ́yìn ìṣínu, Gàfárù wá kọjú sí i lóòótọ́. Aṣọ rẹ̀ ṣì tutù. Ó dúró níwájú yàrá rẹ̀, kò wọlé.

"Ìyá Mùktárù, òní burú fún mi," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dára níbẹ̀, kí n lè rí oorun sùn. Mo ti fẹ́ fi í pamọ́ di ọjọ́ Ìtúnu. Àwọn àkèré yín, èmi ni mo ń kó wọn. Dírẹ́bà típà kan tó ń ra ẹyẹ lọ́wọ́ mi ló sọ fún mi pé lẹ́yìn Ìtúnu, apá tiyín náà ni wọ́n máa dà. Gbogbo rẹ̀ ló máa di títì. Mo wá rí omi kan lẹ́yìn Àìlégún, ó mọ́, ó ní koríko, típà ò lè dé bẹ̀. Ibẹ̀ ni mò ń kó wọn lọ díẹ̀díẹ̀. Mo ní bí òwò yín ò bá tán, ẹ lè fi ọkàn balẹ̀ dá mi lóhùn."

Wàsílátù wò ó lẹ́nu. Ó ń wá ibi tí irọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, bí ó ti máa ń wá òkúta nínú ẹ̀wà. Kò rí i.

"Ẹ kó wọn lọ sí Àìlégún," ó wí jẹ́jẹ́. "Bọ̀dá Gàfárù! Àkèré kì í dúró síbi tí wọ́n bá gbé e lọ."

"Wọ́n á dúró. Ṣé ìbákà Òkèhò kọ́ ló ń kọrin ní Ìsọlọ̀?"

"Ṣé ìbákà ni àkèré ni?" Ohùn rẹ̀ ti lọ sókè. "Omi tí wọ́n bí i sí ló máa wá! Títì wo ló wà láàárín Àìlégún àti àbàtà?"

Gàfárù náà mọ títì náà: òun ni àwọn típà ti ń tẹ́ yẹ̀pẹ̀ pupa sí.

Ilẹ̀ mọ́ ni wọ́n jọ lọ. Òjò ti rọ̀ ní òru. Àwọn típà ti ń rìn lórí yẹ̀pẹ̀ pupa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́, iná iwájú wọn ṣì ń tàn. Wàsílátù wọ ojú títì láìwo ọ̀tún wo òsì.

"Mádáàmù, kọmọ́t fọ́ ròdù!" ni dírẹ́bà kan kígbe láti òkè, ó sì kọjá.

Wọ́n wà nílẹ̀ káàkiri, wọ́n ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí ewé tí a sá. Àwọn ti òní wà níbẹ̀, àwọn ti àná ti gbẹ mọ́lẹ̀. Kò sí èyí tí ó kọjú sí Àìlégún nínú wọn. Òkè-Àfà ni gbogbo wọn dorí kọ. Wàsílátù bẹ̀rẹ̀ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń dá òkú ẹbí rẹ̀ mọ̀.

"Mo ti ń rí wọn," ni Gàfárù wí lẹ́yìn rẹ̀. "Ojoojúmọ́ ni mò ń kọjá lára wọn. Mo rò pé ọ̀pọ̀lọ́ ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò bi mí?"

"Mo fẹ́ kó bá yín lójijì. Mo fẹ́ kí inú yín dùn."

Inú Wàsílátù bàjẹ́, ó sì bínú sí i, àánú rẹ̀ sì tún ṣe é, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin yìí kì í ṣe olè. Òpè tó nífẹ̀ẹ́ òun ni. Ọlọ́run ló mọ iye ìgbà tí òun ti bẹ̀bẹ̀ fún irú rẹ̀, ó sì ti dé. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ó ti ń ro bí òun yóò ṣe sọ fún Bàbá Abórìṣàdé pé ìwádìí dára. Òwú pupa tí ó wà ní etí ìró ni kò jẹ́ kí ó rò ó dé òpin.

Abẹ́ igi gúáfà ni wọ́n ti bá Àkànbí. Ìyẹ́ rẹ̀ tutù, ó ti le, ikùn rẹ̀ ti wọlé. Gàfárù fi àtẹ́lẹwọ́ gbé e.

"Inú ìtẹ́ ni mo ti gbé e, kò tíì lajú," ó wí, kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni pàtó. "Kò fi ẹnu ara rẹ̀ ṣa oúnjẹ rí. Èmi ni mo máa ń rún un sí i lẹ́nu láràárọ̀. Ẹni tó ṣí i lè rò pé òun ń tú u sílẹ̀ ni. Mi ò mọ ohun tí mo fi ṣe Tíṣà."

Ètè tí ó ń jì láràárọ̀, ẹ̀pà àti ọkà bàbà ni. Wàsílátù wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kò yan àkèré lọ́jọ́ náà. Kò sí ohun tí ó fẹ́ yan náà.

Láti ọjọ́ yẹn, Gàfárù àti Adéjùmọ̀kẹ́ kò kí ara wọn mọ́. Adéjùmọ̀kẹ́ ń fi Bíbélì búra fún ẹnikẹ́ni tó bá kọjá, Gàfárù á kàn rọra wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Wàsílátù bá jáde, ojú Gàfárù á mọ́lẹ̀. "Ẹ̀yin nìkan ni mo lè fọkàn tán nínú ilé yìí," ó sọ fún un lẹ́bàá kànga. Wàsílátù pọn omi rẹ̀, ó sì dà á nù nígbà tí ó dé ẹnu ilẹ̀kùn.

Ó lè dákẹ́. Kò sí ẹni tí ó rí i. Ológbò wà nínú ilé tí ẹ̀bi lè bọ́ sí lórí, afẹ́fẹ́ wà, Tíṣà wà. Ó lè wọ ilé ọkọ pẹ̀lú òwú yẹn, kí ó jù ú sínú ààrò, kí ó sì máa gba ìfẹ́ ọkùnrin rere títí ayé. Ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ náà ti wọ ilé rẹ̀ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ohun tí òun nìkan mọ̀ nínú.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí àwọn ènìyàn ń yọjú wá oṣù Ìtúnu lójú ọ̀run, Bàbá Abórìṣàdé ké sí i láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Wàsílátù, ọjọ́ pé o. Kí ni kí n sọ fún ọmọkùnrin náà? Ṣé o ti wádìí rẹ̀ tán?"

"Mo ti wádìí rẹ̀ tán, Bàbá. Ó dára. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ fún un."

Bàbá Abórìṣàdé rẹ́rìn-ín, ó ṣe bí ẹni tí ó fẹ́ kí i kú oríire, ó sì rí ojú rẹ̀, ó jẹ́ kí ó máa lọ.

Gàfárù wà níwájú yàrá rẹ̀, ó ń tú àgò Àkànbí palẹ̀. Ó dìde nígbà tí ó rí i. Adéjùmọ̀kẹ́ ń fọ àwo lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì ti múra láti kọ ẹ̀yìn sí wọn.

"Tíṣà, ẹ má lọ, ẹ gbọ́ èyí," ni Wàsílátù wí. Ó kọjú sí Gàfárù. "Bàbá ní kí n fún yín lésì. Mo ti wádìí yín. Mo tẹ̀ lé yín dé àbàtà, mo fura sí yín, mo sì ṣì yín mú. Ẹ̀yin ló kù tí ẹ ò tíì wádìí mi."

Ó tú etí ìró rẹ̀, ó sì fi òwú pupa náà sí i lọ́wọ́.

Gàfárù wo òwú náà pẹ́. Omi ń kán láti ọwọ́ Adéjùmọ̀kẹ́.

"Nígbà tí ẹ ṣí i," ni Gàfárù wí níkẹyìn, "ṣé ó la ẹnu sí yín?"

"Ó la ẹnu sí mi."

Gàfárù mi orí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa àwọn pákó ọparun tó wà nílẹ̀, ó kó wọn wọlé, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Ní ìta, ẹnì kan kígbe pé oṣù ti yọ, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀. Wàsílátù ṣì dúró síbẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn tí kì í tì. Ó gbọ́ tí Gàfárù yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lára ìṣó, ó sì gbọ́ tí ó yí i.